Ìmọ́lẹ̀ tó ń tú àṣírí jẹjẹrẹ lójú iṣẹ́ abẹ: kí ló kan ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀?

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ẹni tó bá ti ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀ rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yóò mọ̀ pé ojú lásán kò tó láti fi gba owó. Bí oníbàárà bá na náírà ẹgbẹ̀rún kan sí ìyá aláṣọ òkìrìkà, ìyá yóò kọ́kọ́ gbé e sókè sí oòrùn, yóò fi àtàǹpàkò ra á wò, kó tó tì í bọ àpò. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá kó owó rẹ̀ dé báńkì, akáwó kì í ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ iná kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ jọ aró ni yóò tì í sí. Àmì tí ojú kò rí lójú ọ̀sán yóò wá tàn yanran lára owó gidi. Ayédèrú kò ní àmì yẹn.

Irú ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ti ń lò báyìí ní àwọn orílẹ̀-èdè kan láti mọ ibi tí àìsàn jẹjẹrẹ parí sí lára ènìyàn àti ibi tí ara tó dá ṣáṣá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn kan tó ń wá jẹjẹrẹ kiri inú ara. Oògùn náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa tàn bí wọ́n bá ti tan iná àkànṣe sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìyẹn, pé kí ló kan ẹni tó ń wọ danfo láti Máfolúkù lọ sí Òṣòdì lójoojúmọ́? Ó kàn wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń dáhùn: "Ṣé wọ́n gé e tán?" Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí kì í béèrè títí àìsàn náà yóò fi padà wá. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan wà láti dáhùn rẹ̀ níbí, lónìí, láìdúró de ẹ̀rọ kankan láti ìlú òyìnbó.

Ojú àti ìka ni dókítà ń lò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Bí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ṣe rí nìyẹn. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sínú ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè tún hù padà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí dókítà bá la ara tán, jẹjẹrẹ kì í kọ orúkọ síwájú orí. Dókítà á fi ojú wò ó, á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń le ju ara tó yí i ká lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ta gbòǹgbò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí, tí ìka kò sì lè mọ̀. Bí dókítà bá gé e kéré jù, àìsàn ṣẹ́ kù. Bó bá gé e pọ̀ jù, ó lè ba iṣan jẹ́, ó lè gé ọyàn tí ì bá dá sí, bó bá sì jẹ́ inú ọpọlọ ni, aláìsàn lè má lè sọ̀rọ̀ tàbí gbé apá mọ́.

Ẹ má rò pé àwọn dókítà tiwa nìkan ni èyí ń bá fínra. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 nípa àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nínú obìnrin márùn-ún tí wọ́n gé apá kan ọyàn wọn nítorí jẹjẹrẹ, bí ẹnì kan ló tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé wọn kò ní irinṣẹ́ níbẹ̀. Ojú ènìyàn ni kò tó.

Bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn ọmọ ogun kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní áńtíbọ́dì. Iṣẹ́ wọn ni láti dá àjèjì tó bá wọ inú ara mọ̀, kí wọ́n sì dì mọ́ ọn. Bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu ni wọ́n rí. Áńtíbọ́dì tó ń wá kòkòrò àrùn kan kì í yà sọ́dọ̀ òmíràn.

Lọ́dún 1941, Albert Coons àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà so aró tó ń tàn mọ́ áńtíbọ́dì, kí wọ́n lè fi rí ibi tí kòkòrò àrùn sá pamọ́ sí. Lọ́dún 1975, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà ní ìlú Cambridge tí wọ́n fi lè ṣe ẹ̀dà áńtíbọ́dì kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu, kí gbogbo rẹ̀ sì jọra bí ìbejì. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1984.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là. Bí àwọn onímọ̀ bá ti mọ àmì kan tó pọ̀ lára jẹjẹrẹ ju ara tó kù lọ, wọ́n lè ṣe áńtíbọ́dì tí yóò máa wá àmì yẹn, kí wọ́n sì so aró mọ́ ọn. Wọ́n á gún un fún aláìsàn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nítorí áńtíbọ́dì kì í tètè rìn. Ó gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ, kí èyí tí kò rí ibi lẹ̀ mọ́ sì ṣàn kúrò, kí gbogbo ara má baà máa tàn.

Púpọ̀ nínú àwọn aró yìí ló jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ wọn kò sí lára èyí tí ojú ènìyàn lè rí. Kámẹ́rà àkànṣe ló ń rí i, tí yóò sì gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Àǹfààní tó wà nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ó lè la ẹran ara kọjá díẹ̀, kí dókítà lè rí ohun tó fara pamọ́ sábẹ́. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà ní yunifásítì Alabama ní ìlú Birmingham ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìdánwò kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Áńtíbọ́dì tí wọ́n lò ni cetuximab, oògùn tí wọ́n ti ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ tẹ́lẹ̀. Aró ni wọ́n kàn so mọ́ ọn.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Kì í ṣe áńtíbọ́dì nìkan ni wọ́n ń lò. Ní Jámánì, àwọn dókítà ọpọlọ fún àwọn aláìsàn wọn ní omi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní 5-ALA mu ní wákàtí mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ aró sínú ọpọlọ, jẹjẹrẹ á pọ́n. Àbájáde wọn jáde lọ́dún 2006: nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn tó mu oògùn náà, 65 ni àwòrán ọpọlọ wọn fi hàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pé wọ́n gé èyí tó ṣeé rí kúrò tán. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lábẹ́ iná lásán, 36 péré ni. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn yìí lọ́dún 2007, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2017.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Cytalux fún iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin, wọ́n sì fi ti ẹ̀dọ̀fóró kún un ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí Lumisight fún jẹjẹrẹ ọyàn. Nínú mẹ́ta tí a dárúkọ yìí, kò sí èyí tó jẹ́ áńtíbọ́dì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n nínú ọgbọ́n: ohun tó ń wá àìsàn, tí ó sì ń gbé iná dání.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé idán ni. Nínú ìdánwò Lumisight, obìnrin 357 ni wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ náà wá inú ọyàn wọn lẹ́yìn tí dókítà ti rò pé òun ti gé e tán. Wọ́n rí jẹjẹrẹ tó ṣẹ́ kù lára 27 nínú wọn. Fún àwọn 27 yẹn, ohun ńlá ni. Fún àwọn tó kù, kò fi nǹkan kan kún ohun tí ojú dókítà ti rí. Oògùn náà sì lè bínú sí ara ẹlòmíràn débi pé èémí rẹ̀ á fẹ́ dí, ìdí nìyẹn tí àjọ FDA fi ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ gàdàgbà sí i lára.

Jẹjẹrẹ tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan gba àròjinlẹ̀ níbí. Bí wọ́n bá ṣe kọ́kọ́rọ́ fún àgádágodo tí ó pọ̀ lára jẹjẹrẹ àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun, ṣé yóò ṣí tiwa?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Chicago, ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́. Iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní UCH Ìbàdàn, ti fi hàn pé irú jẹjẹrẹ ọyàn kan tí kò ní àmì mẹ́ta tí àwọn dókítà sábà máa ń wá pọ̀ lára àwọn obìnrin ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Ó sì máa ń tètè mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀. Áńtíbọ́dì tó bá ń wá ọ̀kan nínú àwọn àmì mẹ́ta yẹn, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní HER2, kò ní rí ibi lẹ̀ mọ́ lára irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀. Kò ní tàn. Dókítà tó bá gbọ́kàn lé iná náà nìkan lè rò pé ibẹ̀ ti mọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn obìnrin tiwa náà wà nínú ìdánwò irú oògùn báyìí. A kò gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi ṣe é tán fún ẹlòmíràn kí a tó máa béèrè bóyá ó bá wa mu.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà tún wà níbẹ̀. Láti ìparí ọdún 2024 títí wọ ọdún 2025, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí UCH Ìbàdàn fi wà láìsí iná ìjọba nítorí gbèsè. Kámẹ́rà tó ń wo jẹjẹrẹ kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi iná fóònù ran ara wọn lọ́wọ́.

Ìbátan ìmọ́lẹ̀ náà ti wà ní Èkó

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ká ní ìyá aláṣọ wa ní Aswani rí kókó lọ́yàn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí, wọ́n sì yọ kókó náà. Ọmọ béèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti yọ ọ́ tán?" Dókítà fèsì pé, "A ti yọ ọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀, ara Màmá á yá." Gbogbo ilé dúpẹ́, wọ́n san owó, wọ́n lọ sílé. Kò sí irọ́ nínú ohun tí dókítà sọ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Ṣùgbọ́n níbo ni kókó tí wọ́n yọ wà? Bí wọ́n bá ti dà á nù, ẹ̀rí ti sọnù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó kù.

Ẹran ara tí wọ́n bá yọ yẹ kó lọ sí yàrá àyẹ̀wò fún ohun tí àwọn ilé ìwòsàn ń pè ní histology. Dókítà tó wà níbẹ̀ yóò fi íńkì kun ẹ̀yìn ẹran náà, yóò gé e pẹlẹbẹ, yóò sì fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó. Bí jẹjẹrẹ bá kan ibi tí íńkì wà, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú ara. Bí kò bá kàn án, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Ìdáhùn sí "ṣé wọ́n gé e tán?" nìyẹn, kò sì gba kámẹ́rà olówó ńlá. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń pẹ́ kó tó dé, nígbà tí iná ti àwọn òyìnbó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún lè fi áńtíbọ́dì ṣe àyẹ̀wò ẹran kan náà, kí wọ́n lè mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti oògùn tí yóò gbọ́. Áńtíbọ́dì yìí kì í wọ inú ara aláìsàn rárá. Orí gíláàsì ni wọ́n ti ń lò ó, àwọ̀ búráùn ló sì máa ń fi síbi tó bá lẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti èyí tó ń tàn nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Láti Ìsọlọ̀, bí ènìyàn bá gba Mùṣín kọjá, kò jìnnà sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ẹ̀ka tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹran ara wà, tí wọ́n sì ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH sí ní oṣù kejì ọdún 2019. Mílíọ̀nù mọ́kànlá dọ́là ni wọ́n fi gbé ibùdó yẹn kalẹ̀.

Nǹkan kan wà tó ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ tó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀. Nígbà mìíràn, ẹbí ni wọ́n máa ń gbé ẹran náà lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó gbé e sínú ọ̀rá, tó wọ danfo, tí gosiló sì mú un ní Òṣòdì fún wákàtí mẹ́ta, ti ba nǹkan jẹ́ kó tó débẹ̀. Ẹran ara tí kò sí nínú fọ́máálìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àmì tí áńtíbọ́dì ń wá á sì pòórá. Inú fọ́máálìn tí wọ́n ti pò sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí wọ́n ti fi í sí láàárín wákàtí kan tí wọ́n yọ ọ́. Kí ike rẹ̀ fẹ̀, kí fọ́máálìn náà pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kì í ṣe omi, kì í ṣe sípíríìtì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé e sínú fìríìsà. Kí wọ́n kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ àti apá ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ sí i lára.

Ohun tó yẹ kí a béèrè

Ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2022 fi hàn pé ó lé ní 120,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, ó sì lé ní 30,000 nínú wọn tó jẹ́ ti ọyàn. Púpọ̀ ni kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Kò sí iná tó lè ran dókítà lọ́wọ́ bí àìsàn bá ti tàn ká gbogbo ara. Ẹni tó bá rí kókó lára rẹ̀, kó lọ sí ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ládùúgbò rẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Ìsọlọ̀, kí wọ́n lè darí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Bí wọ́n bá fẹ́ yọ ohunkóhun lára yín tàbí lára ẹbí yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: Ṣé ẹ ó fi ẹran náà ránṣẹ́ fún histology? Ta ni yóò gbé e lọ, ṣé fọ́máálìn sì wà? Ṣé jẹjẹrẹ kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ gé e dé? Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ọyàn, ṣé ẹ ó fi áńtíbọ́dì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yan oògùn? Ẹ gba èsì náà ní kíkọ, kí ẹ sì fi í pamọ́ bí ẹ ṣe ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

A mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí ń gba owó, inú àpò ẹbí ni púpọ̀ nínú owó ìtọ́jú sì ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìjọba ka owó histology mọ́ owó iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, kó má jẹ́ ohun tí ẹbí á máa dúnàádúrà lé lórí lẹ́yìn tí owó ti tán.

Ẹ sì ṣọ́ra. Bí òkìkí oògùn tuntun bá ti kàn, àwọn tó ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì á ti sọ pé àwọn ní irú rẹ̀. Oògùn tó ń mú jẹjẹrẹ tàn kì í wo jẹjẹrẹ sàn. Ó kàn ń fi ibi tó wà han dókítà ni. Òṣòdì kan náà ni NAFDAC ní yàrá àyẹ̀wò sí, nítorí náà kí a má ṣe gba abẹ́rẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò lè fi nọ́ńbà NAFDAC hàn wá.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí irú ìmọ́lẹ̀ yìí yóò dé yàrá iṣẹ́ abẹ ní Èkó. Kó tó dé, ìyá aláṣọ tó ń gbé náírà sókè sí oòrùn kó tó gbà á ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bí a kò bá lè gba ẹgbẹ̀rún náírà láìyẹ̀ ẹ́ wò, kò yẹ kí a jẹ́ kí wọ́n da kókó tí wọ́n yọ lára ìyá wa nù láìyẹ̀ ẹ́ wò.